Ẹ fẹ́ẹ́ sin iyùn nínú ilé? Ẹ gbàgbé kẹ́míkà, ẹ máa pààrọ̀ omi

Bí wọ́n bá dárúkọ iyùn, ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ló ṣe é. Iyùn pupa tó jẹ́ ojúlówó, egungun ẹ̀dá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà ni. (Èyí tí wọ́n fi ike ṣe tó kún ọjà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.) Àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ nínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oríṣiríṣi àwọ̀, àwọn èèyàn sì ń sìn wọ́n sínú àpótí dígí nínú pálọ̀ bí ẹni ń sin ẹja. Nílé níbí kò tíì wọ́pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Amẹ́ríkà yóò ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìgò kẹ́míkà ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó lé e lọ́wọ́. Bí àpótí yín bá kéré, ká ní lítà 40 sí 80, ẹ fi owó yín sápò. Nínú àpótí ńlá, bí ọwọ́ ẹni bá tàsé, omi pọ̀ tó láti gbà á mọ́ra. Nínú lítà 40, ìdérí ìgò kan tó lé lè ba omi jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí wá ni iyùn ń jẹ? Nínú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewéko tín-ín-tín kan ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, wọ́n sì ń bù fún iyùn tó gbà wọ́n sílé. Ìdí nìyí tí iná orí àpótí fi gbọ́dọ̀ máa tàn bíi wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, iyùn tó ní egungun ń fa kálísíọ̀mù àti àwọn èròjà mìíràn látinú omi láti fi kọ́ egungun náà. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí ti ní gbogbo wọn nínú. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é o.

Ẹ wo ìṣirò yìí, ó ṣe pàtàkì. Ká ní omi tuntun tí ẹ pò ní kálísíọ̀mù mílígíráàmù 450 nínú lítà kan, tí iyùn yín sì ń fa 5 lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi àpótí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ ń fi tuntun dípò rẹ̀, kálísíọ̀mù yóò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 400, yóò sì dúró síbẹ̀. Ìdí ni pé bó bá ti fi 50 dín, omi tuntun ń dá 5 padà, iye tí iyùn jẹ gan-an nìyẹn. 400 dára. Bó bá wá jẹ́ 20 ló ń jẹ lọ́sẹ̀ ńkọ́? Ìṣirò kan náà yóò gbé e lọ sí 250, ìyẹn ò sì dára rárá. Bí ẹ tilẹ̀ ń pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún, 350 ni.

Nítorí náà, irú iyùn tí ẹ bá rà ló máa sọ bóyá omi tuntun nìkan tó. Acropora, èyí tó ń yọ ẹ̀ka bí igi, wọ̀bìà ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní àpótí ńlá. Iyùn rírọ̀ tí kò ní egungun líle ni kí ẹ rà, bí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí òkúta bí olú, àti Sarcophyton tí ara rẹ̀ dà bí awọ. Wọn kì í fa kálísíọ̀mù púpọ̀.

Omi tí ẹ máa fi po iyọ̀ ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kílóríìnì. Omi bọ́hóòlù ní ọ̀pọ̀ ibi ní irin nínú. Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa títí tí nǹkan kan kò fi kù nínú rẹ̀ ló dára. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka TDS gbọ́dọ̀ fi 0 hàn tàbí kó sún mọ́ ọn. Ẹ má lọ ra omi bátìrì lọ́wọ́ rewáyà, torí òmíràn ní ásíìdì nínú. Iyọ̀ bíi gíráàmù 35 ni fún lítà kan. Ẹ pò ó sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú, kó yòrò pátápátá, kó sì gbóná bákan náà pẹ̀lú omi inú àpótí.

Òkúta inú òkun tí àwọn kòkòrò àìfojúrí rere ti ń gbé lára rẹ̀ ló ń bá yín pa ìdọ̀tí ẹja rẹ́. Ẹ fún un ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, títí tí àyẹ̀wò amóníà yóò fi jẹ́ 0, kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i. Ẹja kékeré kan tàbí méjì tó, oúnjẹ wọn kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí ẹja bá ṣàìsàn, ẹ má da oògùn ẹja sínú àpótí náà: ọ̀pọ̀ wọn ní bàbà nínú, bàbà sì ń pa iyùn àti ìgbín.

Ooru ilẹ̀ wa ni wàhálà tó kù. Iyùn fẹ́ ìwọ̀n Celsius 25 sí 27. Bó bá kọjá 30 tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò lé àwọn ewéko ara rẹ̀ jáde, yóò funfun bí ẹfun, ebi á sì pa á kú. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sórí omi lè mú un tutù, ṣùgbọ́n omi yóò máa gbẹ. Iyọ̀ kì í bá omi gbẹ. Ká ní lítà 5 gbẹ nínú lítà 40: gíráàmù 35 ti di 40 nìyẹn. Omi lásán tí kò níyọ̀ ni kí ẹ máa fi dí i lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Iyùn rírọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní zoanthid, ó rẹwà, ó dà bí òdòdó. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá Palythoa, ní májèlé palytoxin lára, ọ̀kan nínú èyí tó le jù láyé. Ó lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó lè bá ojú jẹ́, èèyàn sì lè fà á símú. Ní 2018, ní Oxfordshire ní England, ìdílé kan dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n fọ àpótí iyùn wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ pàápàá dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ má se òkúta iyùn, ẹ má da omi gbígbóná sí i, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á lókè omi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tọwọ́ bọ àpótí náà, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ má sì wọ ilé ìdáná. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, èmi ò ní rà á rárá.

Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá wá korò lẹ́yìn tó tọ́ ọ, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń wúkọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ ò já gaara, ẹ jáde nínú yàrá náà, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́gán. Ẹ kọ palytoxin sórí ìwé fún dókítà, torí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí.