Okùn Kì Í Ṣe Lọ́ọ̀kù Mọ́tò!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń fi okùn so ilẹ̀kùn jíìpù tókúnbọ̀, ẹ gbọ́ o! Bí mọ́tò bá takìtì, ta ni yóò ráyè tú okùn?

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ fi sukudiráfà ti ahọ́n lọ́ọ̀kù kó dún “kọ́, kọ́” lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn kó tú, kí ẹ tó pa á dé. Bó bá ń lọ́ra, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì sí i. Bó dún dáadáa àmọ́ tí ilẹ̀kùn ń mì, ẹ dẹ bóòtù irin tó ń há a lára òpó, ẹ sún un sínú díẹ̀, ẹ dè é padà. Bí kò bá dún lẹ́ẹ̀mejì síbẹ̀, ó ti jẹ tán. Ẹ ra òmíràn. Ẹ̀mí ò ní tókúnbọ̀ o!