Ọmọ Tí A Pọ̀n àti Ọmọ Tí A Tì: Àríyànjiyàn Kan láti Accra

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún tí ó kọjá, ọmọ mi obìnrin tí ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé ránṣẹ́ sí mi pé òun, ọkọ òun àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì ń bọ̀ wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ èmi àti ìyá rẹ̀ ní Accra. Wọ́n fẹ́ rí ọgbà Aburi. Wọ́n fẹ́ rí ibojì Nkrumah. Wọ́n fẹ́ dé Kakum níbi tí afárá wà lórí igi. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mọ́kànlá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Bàbá mi, irú kẹ̀kẹ́ ọmọ wo ni ẹ rò pé kí á rà?"

Èmi tí mo ti fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, n kò rí ìdáhùn fún un. Mo gbé ìbéèrè náà dé àárín àwọn akẹgbẹ́ mi nígbà tí a ń sinmi lẹ́yìn àpérò kan lórí ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àfi bí ẹni pé mo ti iná bọ koríko gbígbẹ. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n sọ fún ọmọ mi pé kí ó ra èyí tí ó wọ́n jù lọ, nítorí pé ọmọ pípọ̀n ti di ohun àtijọ́. Ó ní àwọn aláìní ni ó ń pọn ọmọ kiri ìgboro. Èkejì, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tèmi, fi ìbínú dáhùn pé obìnrin Yorùbá tí ó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ti sọ ọ̀já nù, ẹni tí ó bá sì sọ ọ̀já nù ti sọ èdè nù. Àwọn tí ó kù pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ìdí tí n kò fi pàtẹ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí mo gbà pé àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà, àti pé àṣìṣe èkejì, tí ó jẹ́ ẹni tiwa, ni ó léwu jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà, pọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹrù orí, ọmọ ẹ̀yìn àti àpò ọwọ́ lápapọ̀. Yorùbá kò gba irú ìdàpọ̀mọ́ra bẹ́ẹ̀: orí ni a fi ń ru ẹrù, ọwọ́ ni a fi ń gbé igbá, ẹ̀yìn ni a fi ń pọn ọmọ. Àwọn Akan náà ya tiwọn sọ́tọ̀: turu ni ti ẹ̀yìn, soa ni ti orí. (Ilẹ̀ Gã ni Accra o, ṣùgbọ́n Twi kò jẹ́ kí etí ó sinmi ní ọjà rẹ̀.) Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ohùn yóò tún rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bí a bá pe "pọn ọmọ" àti "pọn omi", ohùn kan náà ni etí ń gbọ́ lára ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí a bá gbé àbọ̀ ṣíwájú ni òtítọ́ ń hàn: omi tí a pọn, ọmọ tí a pọ̀n.

Ọmọ-ọmọ mi àgbà kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì sọ fún ìyàwó mi pé, "Màmá àgbà, ẹ gbé mi sí ẹ̀yìn." Gbólóhùn náà tọ̀nà ní ti gírámà. Kò sí ibi tí olùkọ́ lè fi bírò pupa fà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá ti pọ̀n rí kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ẹ pọ̀n mí" ni yóò wí. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, n kò ní parọ́.

Síbẹ̀, kí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu ọmọ? Ọ̀rẹ́ mi yóò ní kẹ̀kẹ́ ni. Irọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ kò lẹ́nu tí yóò fi bá ọ̀já jà. Ìyá ọmọ ni kò pọ̀n ọ́n, kò sì pọ̀n ọ́n nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti í dì í. Nígbà tí ó ń dàgbà ní ilé mi, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń pọn àwọn àbúrò rẹ̀, èmi bàbá rẹ̀ sì wà ní yàrá ìwé, mo ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá.

Ọ̀rẹ́ mi tún sọ̀rọ̀ bí ẹni pé odi gíga kan wà láàárín ọ̀já àti kẹ̀kẹ́, tí ìkíní jẹ́ ti Áfíríkà, tí èkejì sì jẹ́ ti òyìnbó. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Peace Corps ní Tógò, orílẹ̀-èdè tí ó múlé ti Gánà. Ó rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń pọn ọmọ, ó sì rí i pé ọkàn àwọn ọmọ náà balẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ilé tí ó sì bímọ, òun àti ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, rán àpò ìpọnmọ kan tí wọ́n pè ní Snugli, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí ní 1969. Lónìí, irú àpò bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn ilé ìtajà ńlá ní Accra, owó rẹ̀ sì ju owó ìró mélòó kan lọ. Ohun tí ẹ̀yìn ìyá Tógò kọ́ ayé ni a ń rà padà. Àwọn oníṣègùn egungun náà ń sọ báyìí pé ó dára fún oríkèé ìbàdí ọmọ kí itan rẹ̀ ya sí méjì kí orúnkún rẹ̀ sì ká sókè, gẹ́gẹ́ bí ó ti í rí lẹ́yìn ìyá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ọmọ pípọ̀n ní ohun àtijọ́ kò mọ ohun tí ń lọ ní àwọn ilé ìwòsàn òkè òkun tí ó ń fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Kẹ̀kẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní 1733 ni William Kent, tí ó ń ṣètò ọgbà fún àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kan kẹ̀kẹ́ kékeré kan fún àwọn ọmọ Duke of Devonshire. Ẹranko ni ó ń fà á. Ohun ìṣeré ọlọ́lá ni. Ní 1965 ni Owen Maclaren, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí lórí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú ogun Spitfire fi ń balẹ̀, fi irin fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe èyí tí a lè ká bí agboorùn. Bàbá àgbà ni òun náà: ìyà tí kẹ̀kẹ́ wúwo fi ń jẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́nu ìrìn-àjò ni ó mú un ronú. N kò rí ohun tí ó ta ko àṣà Yorùbá nínú kí bàbá máa ronú bí ẹrù ọmọ rẹ̀ yóò ti fúyẹ́.

Èyí tí ọmọ mi rà kò fúyẹ́. Táyà ńlá mẹ́ta ni ó ní, ó gbòòrò, ó ní àyè ìfi-ife-sí àti ìbòrí. Iye tí wọ́n rà á, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ní ọgbà ìrántí Kwame Nkrumah, níbi tí ó ti kéde òmìnira ní 1957, tí wọ́n sì tún un ṣe tí wọ́n ṣí i padà ní 2023, kẹ̀kẹ́ náà rìn bí ọba. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ní Aburi, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1890, ó rìn dáadáa lójú ọ̀nà tí igi ọ̀pẹ tò sí lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí a yà sínú koríko, ọkọ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ní ààfin Cape Coast, òkúta ilẹ̀ kò dọ́gba, ọ̀nà tí ó lọ sí ihò tí wọ́n há àwọn ẹrú mọ́ sì dà gẹ̀rẹ́. Ní Kakum, afárá méje tí wọ́n ta sí orí igi ní 1995, tí gígùn wọn jẹ́ nǹkan bíi mítà 350, pákó tóóró ni a ń tẹ̀ níbẹ̀. Kí ni kẹ̀kẹ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ìyàwó mi jókòó ti ọmọ ní ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àárín ìgboro Accra gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ. A ń rìn ní Osu. Ibi tí ó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, ọkọ̀ ni ó dúró síbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ kò dúró sí, ọjà ni wọ́n pàtẹ síbẹ̀. Ibi tí kò sí ọjà, gọ́tà ni ó la ẹnu sílẹ̀. Táyà iwájú wọ gọ́tà, irin rẹ̀ wọ́. A pe tirótiró, mètì wo kẹ̀kẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó kan ọkọ̀ gbàgbà, wọ́n lọ. Ìyàwó mi tú ìró rẹ̀ ti òkè, ó gbé ọmọ oṣù mọ́kànlá pọ̀n. Obìnrin kan tí ń ta kẹ́ńkè dìde lórí àpótí rẹ̀, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó tún orí ọmọ náà ṣe, ó sì fún aṣọ mọ́ ọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: mo ti fi òwe yìí ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì ní àìmọye ìgbà, ọjọ́ náà ni mo rí i. Èyí ẹ̀gbọ́n wá ń kọ́? Kò fẹ́ rìn mọ́. Ọkọ ọmọ mi ru kẹ̀kẹ́ tí ó bàjẹ́. Èmi ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ dì í mọ́ mi lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń kí mi lójú ọ̀nà, "Nana, ayekoo!" Mo rìn tó ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yìn dùn mí fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ìrora ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni ó kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ bá àwọn akẹgbẹ́ mi jà sí. Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Gbogbo wa mọ òwe náà, a sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìbáwí fún ọmọ aláìmoore. Ta ni nínú wa ti bèèrè rí nípa ẹni tí ó pọ̀n ọ́n? Ní oṣù Bélú 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi Gánà sílẹ̀, àwọn ìyá Yorùbá wà lára àwọn tí ó di ẹrù. Mo ti jókòó ti àwọn kan nínú wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ọ̀kan tí ó sọ fún mi pé àṣà ni òun ń gbé lárugẹ nígbà tí òun pọn ọmọ dé ẹnubodè. Ní Makola lónìí, ẹ wo àwọn tí wọ́n ń pè ní kayayei. Kaya, ẹrù, láti inú Hausa; yei, àwọn obìnrin, láti inú Gã: ọ̀rọ̀ alámùúlùmálà tí ó wu onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin láti àríwá, ẹrù ọlọ́jà wà lórí wọn, ọmọ tiwọn wà lẹ́yìn wọn, nínú oòrùn ọ̀sán. Ṣé òun ni a ó sọ fún pé ó ń pa èdè mọ́? Àwa ọkùnrin ni a pọ̀ jù nínú àwọn tí ń yin ọ̀já ní gbọ̀ngàn. Ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni a ń yìn.

Bí ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ bínú, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ìbínú wà hàn án. Kẹ̀kẹ́ kì í dá rìn. Ilẹ̀ ni ó ń rìn lé. Ní ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Florida, ilẹ̀ tẹ́jú débi pé kẹ̀kẹ́ ọmọ pọ̀ ní àpọ̀jù, tí wọ́n fi ṣòfin ní oṣù Èbìbí 2019 pé èyí tí ó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 79 tàbí tí ó gùn ju 132 kò gbọdọ̀ wọlé. Àwa kò tíì dé ibi òfin àpọ̀jù. Ṣùgbọ́n a ní òfin. Òfin Gánà lórí àwọn aláàbọ̀ ara, Act 715 ti 2006, fún àwọn onílé àti oníbùdó ní ọdún mẹ́wàá kí ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò fi di èyí tí aláàbọ̀ ara lè wọ̀. Ọdún mẹ́wàá náà pé ní 2016. Ti Nàìjíríà, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019, fi ọdún márùn-ún sílẹ̀. Òun náà ti pé ní 2024. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí arọ yóò fi àga rẹ̀ gùn, òun náà ni kẹ̀kẹ́ ọmọ yóò gbà. Akẹgbẹ́ wa àkọ́kọ́ tí ó ní kí a ra èyí tí ó wọ́n jù ra kẹ̀kẹ́ láìra ilẹ̀. Akẹgbẹ́ wa èkejì fi orin ọ̀já bo gọ́tà mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé kíkà pé kí ẹ má ṣe sáré dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ó ti ní orúkọ. Mo ti rí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní òwúrọ̀ odidi láti wá orúkọ fún un. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn ìbá pè é ní ọkọ̀-àfọwọ́tì-agbọ́mọrìn. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni àwọn ìyá ń pè é ní Peckham àti ní Ìbàdàn. Ó tó. Pọ̀n ni ó nílò ìrànwọ́ yín. Kí ó wọ ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, kí ọmọ inú àwòrán náà sì wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Ọmọ mi ti tún kọ̀wé. Wọ́n ń bọ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ, ìbéèrè náà sì kò yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo dá a lóhùn: kẹ̀kẹ́ kan tí ó fúyẹ́, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan ká kí ó sì wọ abẹ́ àga tirótiró, kí wọ́n má ṣe fi aṣọ bo ojú rẹ̀ nínú oòrùn, nítorí ooru a máa há mọ́ inú rẹ̀. Àti ọ̀já méjì. Kí ọ̀kan gùn tó èyí tí yóò yí ọkọ rẹ̀ ká.