LẸ́YÌN TÍ A BÁ PÀÀRỌ̀ MÙDÙNMÚDÙN ŃKỌ́?

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 2011, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún ọmọdé kan tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde. Inú wa dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí kan náà ni a fi ń gba ẹni tí mùdùnmúdùn rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́ là. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá padà sí Ìsọlọ̀, ta ni yóò sọ ìyókù fún un?

Ìyókù náà rèé. Kí irúgbìn ẹ̀jẹ̀ tuntun tó rí ilẹ̀ hù, oògùn líle ni a fi ń pa ti àtijọ́. Nígbà mìíràn a tún fi ìtànṣán kún un. Ohun tí ó pa èpò lè ṣe ilẹ̀ léṣe. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, jẹjẹrẹ mìíràn lè yọjú ní ẹnu, ní awọ ara, ní ọmú, tàbí ní ọrùn níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Bí ẹ̀jẹ̀ àlejò bá ń bá ara onílé jà fún ìgbà pípẹ́, ewu ti ẹnu àti ti awọ tún pọ̀ sí i.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ìtọ́jú o. Ẹni tí mùdùnmúdùn rẹ̀ kú kò ní ọdún mẹ́wàá kankan tí yóò máa fi ṣàníyàn. Ìpààrọ̀ ni ó fún un ní ọdún náà.

Èmi tí mo dàgbà ní Ìsọlọ̀ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí egbò bá yọ sí ènìyàn lẹ́nu, ó di kẹ́míìsì. Bí kò bá san, ó di ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ní Òṣòdì. Wọn á ní ibà ló yọ sí i lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta á kọjá. Sìgá àti ọtí líle, tí àwọn méjèèjì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, kò sì wọ́n ní gáréèjì.

Àwọn kan ní bí a bá dárúkọ jẹjẹrẹ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú, ẹ̀rù yóò pa á. N kò gbà. Kí a fún un ní ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá: oògùn tí a lò, bóyá ìtànṣán wà níbẹ̀, kí dókítà eyín máa yẹ ẹnu rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Egbò tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí ó gbé e lọ sí ọsibítù, ìbáà ṣe Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀, kí ó sì fi ìwé náà hàn wọ́n.

Àwa tí a ń kọ́ èdè yìí ni ó yẹ kí a bá wọn kọ ọ́. A ní mùdùnmúdùn, a ní jẹjẹrẹ, a ní ìtànṣán. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní stem cell, irúgbìn ẹ̀jẹ̀ ni mo pè é lókè yìí. Bí àwọn olùkọ́ wa bá ní èyí tí ó sàn jù, kí wọ́n mú un wá.