Àṣíborí Nìkan Kò Tó

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín pé àkókò ló ń ṣòfò bí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde bá dúró bá àwọn tó ń wọlé sọ̀rọ̀, pé àṣíborí àti ìbọ̀wọ́ ti tó, ṣì í. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1988, lórí pèpéle epo Piper Alpha nínú òkun Scotland, àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán tú fáàfù ààbò kúrò lára ẹ̀rọ kan. Ìwé wà pé kí wọ́n má tan án, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dé etí àwọn aṣiṣẹ́-alẹ́. Wọ́n tan án, iná sì bú gbàmù. Ènìyàn 167 kú. Àṣíborí wo ló fẹ́ gba ìyẹn?

Ẹ ó ní owó ń bọ́ sọ́nù ní gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Òótọ́ ni, ìkánjú yẹn gan-an ló sì ń mú àsìkò àtúnṣe léwu: agbaṣẹ́ṣe pọ̀, ojú àjèjì pọ̀. Ní Gabon níbí, òṣìṣẹ́ 6 kú lórí pèpéle epo Becuna ní oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wọ́n ń tún kànga epo ṣe. (N kò sọ pé ìpààrọ̀ iṣẹ́ ló fà á o.) Kí ìjọba ní Libreville sọ ọ́ di òfin pé kí ọ̀gá àwọn tó ń jáde àti ọ̀gá àwọn tó ń wọlé jọ dé ìdí ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ìpààrọ̀ iṣẹ́.

Òǹkàwé yín,
Libreville