DÍGÍ TÓ Ń DÁN BÍ DÁYÁMỌ́ŃDÌ

Olùkọ́ obìnrin kan ní Súrùlérè mú búróòṣì ìyá rẹ̀ olóògbé wá bá mi. Òkúta pupa wà lára rẹ̀, òmíràn sì ń yí àwọ̀ bí òṣùmàrè.

"Bọ̀dá, oníṣòwò kan lọ́jà Yábàá fẹ́ rà á. Owó ilé-ìwé ọmọ ń lé mi. Ṣé dáyámọ́ńdì ni?"

Rárá o, dígí ni. Ní 1895 ni Daniel Swarovski dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Wattens, ní Ọ́síríà, tó ń fi ẹ̀rọ gé dígí títí yóò fi máa kọ mànà. Àwọ̀ òṣùmàrè yẹn kò jáde títí di nǹkan bí 1956, nítorí náà búróòṣì yìí kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má fi omi fọ irú rẹ̀! Ohun dídán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn òkúta ni ń mú un tàn. Bí omi bá wọ̀ ọ́, á dúdú. Mo fi ọṣẹ fọ ti ìyàwó mi nígbà kan. Òkúta mẹ́ta di èédú, ó sì di ọjọ́ kẹta kó tó dá mi lóhùn. Aṣọ gbígbẹ ti tó.

Mo ní kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ní Amẹ́ríkà a máa sanwó gidi nítorí orúkọ bíi Trifari. Kò sí orúkọ kankan. Iye tí oníṣòwò náà dá kò burú fún dígí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wò ó títí, ó fi há aṣọ rẹ̀ láyà, ó ní òun yóò wá owó ilé-ìwé níbòmíràn.