Kí A Tó Sọ Fún Òṣìṣẹ́ Pé Kí Ó Ṣọ́ Iná Lò

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tí ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó yúnìtì kan láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà fún àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ nígbà náà ṣì jẹ́ 30,000 náírà. Nínú oṣù kan náà ni Adébáyọ̀ Adélabú, tí ó jẹ́ Mínísítà fún ọ̀rọ̀ iná, sọ pé nítorí pé owó iná kò wọ́n tó ni àwọn ènìyàn fi máa ń fi físà sílẹ̀ láìpa bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú yín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dín owó náà kù díẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, kò sọ̀kalẹ̀ dé 200 náírà. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, NLC àti TUC lọ fi ẹ̀hónú hàn ní ẹnu ọ̀nà NERC àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná.

Ṣùgbọ́n ìbínú kì í san owó iná. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò nìyí: ṣíṣọ́ iná lò dára, owó oṣù yín ni ó ń gbà là, àmọ́ ilé tí ó ní mítà nìkan ni ó ti lè so èso. Ẹni tí wọ́n ń fi ojú díwọ̀n owó iná fún, bí ó tilẹ̀ jókòó sínú òkùnkùn, bíìlì kan náà ni yóò bá a lẹ́nu ọ̀nà ní ìparí oṣù. Ajere ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń pọn omi. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó ju ìdajì àwọn oníbàárà lọ tí kò ní mítà. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ni NERC sì ti fi ààlà sí iye tí a lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní mítà. Nítorí náà, ẹ kọ ìwé béèrè mítà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi bíìlì yín wé ààlà náà, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ wá sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín. Ìwé ogójì ilé ní àdúgbò kan lágbára ju ti ilé kan lọ.

Ẹni tí ó ti ní mítà, ó ku ìṣírò. Ohun èlò oníwáàtì 1,000 ń jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan; iye wáàtì sì máa ń wà lára ohun èlò fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi 200 náírà ṣírò yúnìtì kan. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́rin oníwáàtì 60, tí a ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, yóò jẹ 7,200 náírà lóṣù. Gílóòbù LED mẹ́rin oníwáàtì 9 yóò jẹ 1,080. Ẹ fi ìyàtọ̀ 6,120 náírà náà wé owó oṣù 70,000 tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀.

Ohun tí ń mú nǹkan gbóná ni olè ńlá. Áyọ́ọ̀nù tí a ń tàn ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan nítorí ṣẹ́ẹ̀tì kan ń san owó ìgbóná tuntun lójoojúmọ́. Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀, kí ẹ sì yọ wáyà kí ó tó kan gèlè àti áńkáṣíìfù. Garawa omi lítà 20 tí a fi iná sè títí ó fi hó ń jẹ ju yúnìtì kan àtààbọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé òtútù Jos kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ kò nílò kí ó hó. (Kí ẹnikẹ́ni má sì ki ọwọ́ bọ omi náà kí ó tó yọ wáyà kúrò lára iná, ó ti pa ènìyàn.) Ti fáànù yàtọ̀: oníwáàtì 70 kì í jẹ tó yúnìtì kan ní wákàtí mẹ́wàá. Ẹni tí ó wà ní Maiduguri ní oṣù Kẹrin, kí ó tan fáànù rẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ físà tí Mínísítà sọ ńkọ́? Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ohun inú físà tí ó kún, tí a pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, kì í tètè yọ́. Ṣùgbọ́n físà tí kò bàjẹ́ máa ń dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ bí ó bá ti tutù tó. Ohun tí ń jẹ owó ni ilẹ̀kùn tí a ń ṣí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ọbẹ̀ gbígbóná tí a gbé sínú rẹ̀, àti rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tí ó ti gbó. Ẹ fi ìwé owó kan há ẹnu ilẹ̀kùn náà. Bí ó bá yọ láìfi agbára fà á, ẹ pààrọ̀ rọ́bà.

Ó ku àwọn tí ń gbé inú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí mítà kan ṣoṣo ń bójú tó, níbi tí ẹni tí ń ṣọ́ iná lò ti ń san owó fún ẹni tí ń fi sítóòfù iná se ẹ̀wà. Pínpín owó dọ́gba-dọ́gba níbẹ̀ kò tọ́. Kí àwọn ayálégbé kọ ohun èlò yàrá kọ̀ọ̀kan àti wáàtì rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi pín owó, títí wọn yóò fi lè dáwó ra mítà kékeré fún yàrá kọ̀ọ̀kan.