Ògiri Ti Lanu Kí Aláǹgbá Tó Dé

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Òwe ìwà ni, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí lórí kọnkéré àti òkúta lè bá a jiyàn díẹ̀. Lójú tiwọn, ògiri ti lanu tipẹ́tipẹ́ kí aláǹgbá tó rí ojú ihò.

Sìmẹ́ǹtì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ni ó para pọ̀ di kọnkéré. Ibi tí sìmẹ́ǹtì ti gbá òkúta mọ́ra ni ó sì ti máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù lé e rárá, àwọn ìlà tíntìntín tí ojú kò lè rí ti wà níbẹ̀, nítorí pé sìmẹ́ǹtì a máa súnkì bí ó ṣe ń gbẹ. Bí ẹrù bá ti ń pọ̀ sí i, àwọn ìlà náà á máa gùn, wọn á máa wá ara wọn kiri títí wọn yóò fi pàdé. Ìgbà yẹn ni bíríkìlà tó sọ pé ògiri sán.

Lọ́dún 1958, L. M. Kachanov ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà dábàá pé a lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo wọn irú ìbàjẹ́ abẹ́nú bẹ́ẹ̀. Irin ni ó ní lọ́kàn. Ní àwọn ọdún 1980, Jacky Mazars ní ilẹ̀ Faransé àti àwọn ẹlòmíràn mú ìmọ̀ náà wá sórí kọnkéré. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí, 0 ni fún ohun tí ó pé, 1 ni fún ohun tí kò lè gbé nǹkan kan mọ́. Kọ̀ǹpútà á pín òpó ilé sí wẹ́wẹ́, á sì máa ṣírò nọ́ńbà yìí fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà kì í wálẹ̀. A lè gbé ẹrù kúrò, a lè fi ọ̀dà kun ògiri. Ohun tí ó ti yẹ̀ nínú ti yẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí nọ́ńbà yìí ṣe ń gòkè, kí ó wo ilé ìtajà Sampoong ní Seoul, olú-ìlú Kòríà Gúúsù. Àjà mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ yà sínú ìwé. Olówó ilé ní òun fẹ́ àjà karùn-ún. Nígbà tí iléeṣẹ́ tí ń kọ́ ọ kọ̀, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn òpó náà tún tín-ín-rín ju ti inú àwòrán lọ. Lọ́dún 1993, wọ́n fẹ́ gbé àwọn ẹ̀rọ amúlétutù ńláńlá tó wà lórí òrùlé sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Dípò kí wọ́n fi kírénì gbé wọn, ṣe ni wọ́n wọ́ wọn kọjá lórí dẹ́kì. Dẹ́kì sán. Ilé kò wó. Bí ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n ni sísán náà ń gbòòrò, oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, fún bí ọdún méjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1995, àárọ̀ ni àjà òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán kedere. Wọ́n ti àjà náà pa, ṣùgbọ́n wọn kò lé àwọn oníbàárà tó kù jáde. Kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilé náà wó láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ènìyàn 502 ló kú.

Èkó ní tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2019, pètẹ́ẹ̀sì tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáájì, ó pa àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó ju 40 lọ.

Ọ̀rọ̀ tí onílé sábà máa ń sọ ni pé, "Ó ti pé ogún ọdún tó ti dúró, kí ni yóò wó o?" Hubert Rüsch dáhùn ìbéèrè yẹn ní ilẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1960. Ó fi hàn pé ẹrù tí ó bá ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 agbára kọnkéré lọ, bí kò tilẹ̀ pa á lónìí, yóò pa á bí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ pípẹ́ gan-an wà lára ẹrù náà.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí aláṣẹ kankan fi ojú lásán yẹ ilé alájà méjì wò, kí ó sì fọwọ́ sí àjà kẹta. Kí wọ́n gé lára òpó àti dẹ́kì lọ sí ibi àyẹ̀wò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìró gbọ́ inú rẹ̀, kí ẹnjiníà sì ṣírò agbára tó kù, kì í ṣe èyí tí ilé ní lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe babaláwo. Bí wọ́n bá purọ́ fún un nípa irú kọnkéré tí wọ́n pò, irọ́ ni yóò dá padà. (Kì í gba rìbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń tẹ̀ ẹ́ lè gbà á.) Nítorí náà, kí wọ́n lẹ èsì àyẹ̀wò mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, kí ayálégbé lè kà á kó tó san owó ọdún kan.